Ọmọ Tó Ní Òun Rí I

Ìkòròdú,
Ọjọ́ kẹtàlá, Oṣù Kẹwàá, 2024.

Wàsílátù, ọmọ ìyá mi,

O kú òtútù ilẹ̀ onílẹ̀, o kú àìsùn àwọn arúgbó tí ò ń tọ́jú. Mo pè ọ́ títí, wọn ò jẹ́ kí o gbé fóònù níbi iṣẹ́. Kódà bí o bá gbé e, mi ò ní lè sọ̀rọ̀ tán, torí ògiri yàrá wa yìí, bí ẹnì kan bá sín lápá kejì, a máa ń kí i pẹ̀lẹ́ lápá ibí. Ọ̀rọ̀ Mọ̀nsúrát ọmọ rẹ ni, mi ò sì fẹ́ kó gbọ́. Nítorí náà ni mo ṣe kọ ọ́. Màá ya fọ́tò ìwé yìí fi ránṣẹ́, torí fọ́tò kì í jẹ dátà bíi fídíò. Ojú ìwé méjèèjì ni mo kọ nǹkan sí. Tí o bá ka iwájú tán, wo ẹ̀yìn.

Gbogbo wa wà. Ìyàwó mi, Ìyá Kabir, ní kí n kí ọ. Òjò ò tíì fẹ́ dá.

Tíṣà ìṣirò wọn, Ọ̀gbẹ́ni Bámgbóṣé, ló ní kí n wá. Mo rò pé owó iléèwé ni, mo ti ń to àwíjàre mi lọ́nà. Kì í ṣe owó. Ó ní àwọn ṣe ìdánwò kan fún gbogbo JS3, kì í ṣe láti mọ ẹni tó gbọ́n tàbí ẹni tó gọ̀, láti mọ ọ̀nà tí orí kálukú ń gbà ronú ni. Wọ́n ya àwòrán ńlá kan tó kún fún ilà, wọ́n fi onígun mẹ́ta kékeré kan pa mọ́ sínú rẹ̀. Àwọn ọmọ kan á tú àwòrán náà palẹ̀ wéré, wọ́n á yọ ohun tí wọ́n ń wá. Ọmọ rẹ ò rí i yọ. Ó ní odidi àwòrán náà ni òun ń wò. Mo bi tíṣà pé ṣé ọmọ wa wá gọ̀ ni. Ó ní, "Rárá o, Bàbá. Ẹ jókòó ná."

Ó wá sọ fún mi pé ní ọjọ́ kan òun ń ka ìbéèrè fún wọn: ọgbà kan wà, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá níbùú, ẹsẹ̀ mẹ́wàá lóòró, a fẹ́ fi táìsì ẹlẹ́sẹ̀ kan tò yí i ká, ìlà kan péré. Táìsì mélòó? Kó tó kà á tán, Mọ̀nsúrát ti ní mẹ́rìnlélógójì.

"Báwo lo ṣe mọ̀ ọ́n?"

"Mo rí i ni, sà."

"Kọ ìgbésẹ̀ tí o gbà."

"Kò sí ìgbésẹ̀, sà. Mo rí i ni."

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Aríran. "Aríran, kí ni wọ́n sè nílé wa lónìí?" Òun náà á dá wọn lóhùn pé ẹ̀wà ni, torí ẹ̀wà ni gbogbo wọn ń jẹ.

Èmi tí mo ti ń lẹ táìsì láti ìgbà tí irùngbọ̀n mi ò tíì hù, ẹ̀gbẹ́ ni mo fi ka tèmi: méjìlá lókè, méjìlá nísàlẹ̀, mẹ́wàá lọ́tùn-ún, mẹ́wàá lósì. Iye tó pè náà ni.

Tíṣà ní ìrònú tí kọ̀ǹpútà ń fẹ́ nínú ìṣirò, èèyàn gbọ́dọ̀ lè fọ́ ìṣòro sí wẹ́wẹ́, kó mọ ohun tó ń tún ara rẹ̀ ṣe níbẹ̀, kó ju ohun tí kò wúlò nù, kó sì to ìgbésẹ̀ rẹ̀ débi pé ẹ̀rọ tí kò ní làákàyè á lè tẹ̀ lé e. Ti àárín méjèèjì, kò sí ẹni tó tó ọmọ rẹ. Ti ìbẹ̀rẹ̀ àti ti ìparí ni kì í ṣe. Ẹni tó ń máàkì ìwé kì í sì í fún ẹni tí kò kọ ìgbésẹ̀ ní nǹkan. Bí kò bá kọ́ ọ kí ìdánwò ìparí sáà yìí tó dé, wọ́n á yọ ọ́ kúrò lára àwọn tó máa ṣe ìṣirò àti kọ̀ǹpútà. Tíṣà fẹ́ máa dá a dúró lẹ́yìn iléèwé. Wo ohun tí o lè fi kún owó lẹ́sìnì náà.

Nígbà tí ọmọ náà dé, mo fi í ṣẹ̀fẹ̀. Mo ní, "Aríran, ta ló ń fi hàn ọ́?" Ó ní, "Kò sẹ́ni tó ń fi hàn mí, Bàbá. Ó kàn máa ń yọ sí mi lódidi ni."

Mo ní kó lọ bá mi fọ ìkòkò.

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ,
Bùsàrí.


Hull,
Ọjọ́ ogún, Oṣù Kẹwàá, 2024.

Bọ̀dá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín níbi tí mo wà. Mo kí Ìyá Kabir náà. Ibi tí a ti ń pààrọ̀ aṣọ iṣẹ́ ni mo ti ka lẹ́tà yín. Mo tún un kà nínú bọ́ọ̀sì. Oúnjẹ tí mo gbé dání, bí mo ṣe gbé e lọ náà ni mo gbé e bọ̀.

Ẹ kọ ọ́ bí ẹni ń pa àwàdà. Ọmọ mi ní nǹkan ń yọ sí òun lódidi, ẹ wá ń bá mi sọ̀rọ̀ táìsì.

Bọ̀dá mi, ẹ rántí Ṣùkúrátù ẹ̀gbọ́n mi. Báyìí náà ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Á sọ ẹni tó ń bọ̀ kí onítọ̀hún tó yọ lọ́nà, gbogbo ilé á máa rẹ́rìn-ín pé ọmọ yìí gbọ́n. Ìgbà tó yá, ògiri ló ń bá sọ̀rọ̀. Màámi sọ ọ́ títí wọ́n fi kú pé ká ní a tètè gbé e lọ sí ilé ìtúsílẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́ ni, kì bá má kú síbẹ̀. Èmi kéré nígbà náà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò létí mi rí.

Ẹ dá mi lóhùn lórí èyí. Ṣé ó máa ń dá nìkan sọ̀rọ̀? Ṣé ó máa ń ta jí? Bó bá ní òun rí i, ṣé ojú rẹ̀ máa ń yí padà? Ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀. Èmi tí mo fi í sílẹ̀ nígbà tí kò tíì lè di irun ara rẹ̀, kí ni mo mọ̀?

Ti owó lẹ́sìnì, ẹ jẹ́ ká dúró ná. Mi ò ní sanwó kí wọ́n kọ́ ọmọ mi láti máa kọ ohun tí ẹni tí a ò mọ̀ ń fi hàn án sílẹ̀. Ẹ kìlọ̀ fún un kó má sọ ọ̀rọ̀ yẹn níta mọ́. Mo ti bá Zikrullah, àbúrò olóògbé ọkọ mi, sọ̀rọ̀. Ó ní ilé náà ṣì wà létí ọ̀sà, ọmọ ẹni tó ni ín nígbà yẹn ló wà níbẹ̀ báyìí, Ìyá Ìtúsílẹ̀ ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ó ń gba mùsùlùmí, ó ń gba onígbàgbọ́.

Àbúrò yín,
Wàsílátù.


Ìkòròdú,
Ọjọ́ kẹta, Oṣù Kọkànlá, 2024.

Wàsílátù,

Ìkíni tó wà nínú ti àkọ́kọ́ ṣì tó ọ lò.

Ohun tí ọmọ sọ ni mo kọ. Ìwọ lo wọ̀ ọ́ láṣọ òkùnkùn. Bí mo bá ní mo rí iṣẹ́, ṣé ẹ̀mí kan ló fi hàn mí? Bí o bá ní o rí kọ́kọ́rọ́ tó sọnù, ṣé aríran ni ọ́? Èdè wa ló há. Ọ̀rọ̀ kan náà la fi ń sọ ti ojú, ti orí, àti ti ọ̀run. Ọmọ sọ ti orí, ìwọ gbọ́ ti ọ̀run.

Kó má baà dà bíi pé mi ò ka lẹ́tà rẹ sí, mo pè é. Mo ní, "Mọ̀nsúrá, ṣàlàyé fún mi bí ẹni ń ṣàlàyé fún òmùgọ̀."

Ó ní, "Ẹ ò gọ̀ tó bẹ́ẹ̀, Bàbá." Ó ronú díẹ̀. Ó ní, "Ẹ wo ẹ̀tàdínlógún."

Mo ní mo ń wò ó.

"Ṣé ẹ ò rí ogún níbẹ̀ ni? Ogún ló kọ́kọ́ jókòó. Ẹni mẹ́ta wá dìde lọ. Bí mo ṣe ń ṣe gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Màá kọ́kọ́ rí èyí tó kún, màá wá rí ohun tí kò sí níbẹ̀. Ọgbà tíṣà, gbogbo ilẹ̀ ni mo fi táìsì bò, mo wá gbé ọgbà kúrò láàárín."

Ìyẹn náà nìyẹn. Bí ìyá wa ṣe kọ́ wa ní kíkà lẹ́nu ọ̀nà nílé ní Ìwó ni ọmọ rẹ fi ń ronú. Àwa kàn ń pe orúkọ iye náà ni, òun ń rí ohun tó wà nínú orúkọ.

Mo lọ sọ fún tíṣà. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní òun á kọ́ ọ bí yóò ṣe máa ti ibi ìdáhùn rìn padà síbi ìbéèrè, kó máa kọ ohun tó bá pàdé lọ́nà. Ó ní òun ò ní gba ojú rẹ̀, òun kàn fẹ́ fún un lẹ́sẹ̀ ni. Owó tí o ní o ò ní san, mo ti bá a dúnàádúrà. Màá lẹ táìsì balùwẹ̀ rẹ̀ dípò rẹ̀, pẹ̀lú àwọn àjákù tó ṣẹ́kù sí mi lọ́wọ́.

O dárúkọ Ṣùkúrátù. O kéré nígbà náà, òótọ́ ni. Èmi ni mo máa ń gbé oúnjẹ lọ fún un. Mo rí ojú ẹ̀wọ̀n lọ́rùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Kì í ṣe pípẹ́ tí a pẹ́ ká tó gbé e débẹ̀ ló pa á. Màmá ò fẹ́ gbọ́ ọ, mi ò sì tún un sọ. Ìwọ gbọ́ ọ.

Má bá Zikrullah sọ ọ̀rọ̀ yìí mọ́. Lọ́la mo ń lọ sí Agbówà, a fẹ́ lẹ táìsì ilé alájà kan. Ibẹ̀ la ó máa sùn kí owó ọkọ̀ má baà jẹ owó iṣẹ́ tán. Nẹ́tíwọ̀kì ò sí níbẹ̀. Bí o ò bá gbúròó mi, má dààmú.

Bùsàrí.


Hull,
Ọjọ́ kẹwàá, Oṣù Kọkànlá, 2024.

Bọ̀dá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ẹ jíire.

Mo gbọ́ àlàyé yín, mo sì fẹ́ gbà á. Ọjọ́ méjì ni mo fi sùn dáadáa. Mo wá pe Ìyá Kabir. Mi ò wá ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu, òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́. Ó ní ọmọ náà jókòó síwájú àwo ìrẹsì, ó ń wò ó, kò fọwọ́ kàn án. Wọ́n pè é, kò dáhùn. Wọ́n tún pè é. Ó ní, "Mo ti rí i báyìí," ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun.

Bọ̀dá mi, kí ló rí nínú ìrẹsì?

Bí ìṣirò ni, kó sọ pé ìṣirò ni. Ẹ ní ẹ rí ọrùn ẹsẹ̀ Ṣùkúrátù. Ṣùgbọ́n ẹ ò sọ ohun tó ń ṣe é kó tó débẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe é.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gun orí ibi gíga kan kí ẹ pè mí kí Jímọ̀ tó dé.

Wàsílátù.


Hull,
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, Oṣù Kọkànlá, 2024.

Bọ̀dá mi,

Jímọ̀ ti kọjá. Fóònù yín ò wọlé. Mo mọ̀ pé ẹ ní kí n má dààmú. Ẹni tó wà lẹ́bàá ọmọ ló lè sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ má fi mí bú. Ọmọ ní ilé bàbá, ilé bàbá rẹ̀ sì ti béèrè rẹ̀. Zikrullah ní bí a bá dúró de ìdánwò, nǹkan náà á ti fìdí múlẹ̀ lórí rẹ̀. Iléèwé ló ti máa mú un lọ sí Ẹ̀pẹ́, kó má di ariwo láàárín àwọn ayálégbé. Mo ti fi ohùn mi ránṣẹ́ sí ọ̀gá iléèwé pé mo fọwọ́ sí i. Kò ní ju ìwọ̀nba ọjọ́ díẹ̀ lọ.

Bí ẹ bá ka èyí kó tó lọ, ẹ pè mí, màá dá a dúró. Mo ṣèlérí. Fóònù mi wà lápò mi níbi iṣẹ́, bí wọ́n bá fẹ́ kí wọ́n lé mi.

Wàsílátù.


Ìkòròdú,
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, Oṣù Kọkànlá, 2024.

Wàsílátù,

Òní ni mo dé. Gáréèjì Ìkòròdú ni fóònù mi ti ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, lẹ́tà rẹ méjèèjì já lé mi lórí pọ̀. Mo dúró síbẹ̀ mo ń kà. Ọlọ́kadà kan ní, "Alhaji, ṣé ẹ̀ ń lọ ni àbí ẹ̀ ń kàwé?" Ohun tí mi ò ṣe rí, mo gun ọ̀kadà láì dúnàádúrà.

Kò sí nílé. Ìyá Kabir ń sunkún, ó ní ilé bàbá rẹ̀ ló wá mú un, ìyá rẹ̀ sì fọwọ́ sí i, ẹnu wo ni òun fẹ́ fi kọ̀. Mo bi í ní ọ̀rọ̀ ìrẹsì. Ó ní òun sọ ọ́ fún ọ bí èèyàn ṣe ń sọ ìṣe ọmọ ni. Ọmọ náà ní àwọn wóró ìrẹsì jọ iṣẹ́ àṣetiléwá òun, ibi tí kò yé òun tẹ́lẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yé òun.

Mo kọjá sílé tíṣà. Ó ní ẹnu ìṣirò ni wọ́n bá a. Ó wà níwájú pátákó, ó ń kọ ìgbésẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa kọ ọ́ láti òpin dé ìbẹ̀rẹ̀ láìsí ìrànlọ́wọ́ nìyẹn. Zikrullah yọ lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọ̀gá iléèwé. Ọmọ rẹ ní, "Sà, ṣé mo lè parí ẹ̀ kí n tó lọ?" Zikrullah ní ọkọ̀ ń dúró.

Àárọ̀ ọ̀la mo ń lọ sí Ẹ̀pẹ́.

Bùsàrí.


Hull,
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, Oṣù Kọkànlá, 2024.

Bọ̀dá mi, ẹ dákun, ẹ má lọ.

Ìyá Ìtúsílẹ̀ ní bí ará ilé ọmọ bá dé kí iṣẹ́ tó parí, gbogbo rẹ̀ á padà sí ibi tó wà, á sì burú sí i. Ẹ ní sùúrù. Ó ti ń yí padà. Zikrullah ní kì í tètè dáhùn mọ́. Bí wọ́n bá bi í ní nǹkan, á dúró, á kọ́kọ́ sọ ọ̀nà tó gbà débẹ̀, kó tó sọ ìdáhùn. Ṣé kì í ṣe ohun tí tíṣà yín ń fẹ́ nìyẹn?

Wọ́n gbé fóònù fún un. Ó ní, "Màámi, ẹ kú iṣẹ́." Mo ní ṣé wọ́n ń tọ́jú rẹ. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, Màámi. Mo ní ṣé o ti jẹun. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, Màámi. Ara rẹ̀ balẹ̀, Bọ̀dá mi. Mi ò gbọ́ ohùn rẹ̀ kó balẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Wàsílátù.


Hull,
Ọjọ́ kìíní, Oṣù Kejìlá, 2024.

Bọ̀dá mi,

Zikrullah ò gbé fóònù mi mọ́. Ẹ̀yin náà ò gbé e. Ìyá Kabir ní kí n ní sùúrù, kò sọ ohun tí mo fẹ́ ní sùúrù fún. Ohùn tí mo ní ó balẹ̀ yẹn, mo ń gbọ́ ọ báyìí bí mo bá ń wẹ àwọn arúgbó. Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi. Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi.

Ẹ bínú sí mi. Ṣùgbọ́n ẹ kọ ìlà kan.


Ìkòròdú,
Ọjọ́ kẹjọ, Oṣù Kejìlá, 2024.

Wàsílátù,

Ọmọ rẹ wà lọ́dọ̀ mi. Ìlà tí o béèrè nìyẹn. Mi ò tètè kọ ọ́ torí mi ò mọ bí màá ṣe kọ ìyókù.

Ilé náà kò yí padà. Omi ọ̀sà ṣì ń fọwọ́ kan ògiri ẹ̀yìn. Ìyá Ìtúsílẹ̀ kì í ṣe òṣónú, o máa fẹ́ràn rẹ̀. Ó fún mi lómi mu. Ó ní, "Kí lẹ bá wá?"

Mo ní, "Èmi ni ẹ̀gbọ́n ìyá Mọ̀nsúrát. Mo wá mú un lọ sílé."

"Ìyá rẹ̀ ló fi í fún wa. Ìyá ju ẹ̀gbọ́n ìyá lọ."

"Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ ti sin ọ̀kan fún wa rí."

Zikrullah tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń wo ilẹ̀. Obìnrin náà bi mí lórúkọ òkú wa, mo dárúkọ rẹ̀. Kò jiyàn. Ó ní ìyẹn ti pẹ́ jù kí wọ́n tó gbé e wá, ti èyí kò pẹ́, kí n fojú ara mi wò ó. Ó pè é.

Ó jáde. Wọ́n ti gé irun rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí mi, kò wo ojú mi. Obìnrin náà na ìka mẹ́ta sókè, ó ní mélòó nìyí. Ìka mẹ́ta, Wàsílátù. Ọmọ rẹ ní, "Mo bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀tún. Ó jẹ́ ọ̀kan. Mo fi ọ̀kan kún un, ó di méjì. Mo fi ọ̀kan kún un, ó di mẹ́ta. Kò kù. Mẹ́ta ni."

"Ta ló fi hàn ọ́?"

"Kò sẹ́ni tó fi hàn mí, mà. Mo kà á ni."

Obìnrin náà wá yíjú sí mi, inú rẹ̀ ń dùn. Ó ní, "Ṣé ẹ rí i?"

Mo ní kí Mọ̀nsúrát fi ọwọ́ rẹ̀ hàn mí. Gbogbo ìgbà tó bá ti sọ pé òun rí nǹkan, àtẹ́lẹwọ́ ni wọ́n ń nà, lẹ́yìn náà wọ́n á rì í bọ omi títí yóò fi sọ ọ̀nà tó gbà láti ìbẹ̀rẹ̀. Kódà bó bá ní òun rí aṣọ òun lórí okùn. Kò pẹ́ kó tó mọ ohun tí wọ́n fẹ́. Ọmọ rẹ yára lẹ́kọ̀ọ́.

Mo ní bí wọn ò bá yọ̀ǹda rẹ̀, màá jókòó sẹ́nu ọ̀nà wọn, màá máa sọ ti Ṣùkúrátù fún gbogbo ìyá tó bá ń mú ọmọ bọ̀. Mo jókòó lóòótọ́. Nígbà tí ìyá kejì gbọ́ ọ tó sì mú ọmọ rẹ̀ padà, Zikrullah ló lọ gbé àpò Mọ̀nsúrát wá fún mi.

Lẹ́nu ọkọ̀, ọmọ náà dúró títí mo fi ní kó wọlé. Inú ọkọ̀, ó dúró títí mo fi ní kó jókòó.

Tíṣà ṣe é jẹ́jẹ́. Ó fún un ní ìbéèrè tó rọrùn. Mọ̀nsúrát kọ ìgbésẹ̀ kún ojú ìwé méjì fún ohun tí ìlà mẹ́ta tó. Gbogbo rẹ̀ tọ́. Kò fo ìkankan, kò ju ohun tí kò wúlò nù, kò rí ohun tó ń tún ara rẹ̀ ṣe. Nígbà tí aago lù, ó gbé bírò sílẹ̀ níbi tó dé. Kò dé ìdáhùn. Tíṣà bá mi jáde. Ó ní, "Bàbá, ẹsẹ̀ ni mo ní mo fẹ́ fún un."

Ó tún sọ ohun kan. Ó ní pẹ̀lú máàkì tí wọ́n ń fún ìgbésẹ̀, á yege.

Bùsàrí.


Hull,
Ọjọ́ karùn-ún, Oṣù Kìíní, 2025.

Bọ̀dá mi,

Mo kúnlẹ̀. Mi ò ní dìde títí ẹ ó fi dá mi lóhùn, ṣùgbọ́n mi ò ní bẹ̀bẹ̀, torí mi ò mọ ohun tí ẹ̀bẹ̀ náà á tún ṣe.

Èsì ìdánwò rẹ̀ tí ẹ fi ránṣẹ́ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ó yege nínú ìṣirò. Wọ́n ti kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn tó máa ṣe kọ̀ǹpútà. Olùkọ́ kíláàsì kọ ọ́ síbẹ̀ pé iṣẹ́ rẹ̀ létò, ìwà rẹ̀ sì tutù. Ohun tí mo ti ń tọrọ láti ìgbà tí mo ti wọkọ̀ òfuurufú nìyẹn. Mo gbé e síwájú, mo ń wò ó.

Lórí fóònù, ohun tí mo bá bi í nìkan ló ń dáhùn. Mo bi í bóyá nǹkan ṣì ń yọ sí i, ó ní Bàbá ń pe òun. Mo bi í bóyá ó máa ń ronú mi, owó ìpè tán. Ẹ ní kó kọ lẹ́tà sí mi fúnra rẹ̀. Kó kọ ohun tó bá wù ú. Ẹ má bá a tún un ṣe.

Wàsílátù.


Ìkòròdú,
Ọjọ́ kọkàndínlógún, Oṣù Kìíní, 2025.

Màámi,

Mo kí yín. Bàbá ní kí n kọ ohun tó bá wù mí. Mo bi wọ́n pé kí ni kí n kọ́kọ́ kọ. Wọ́n ní ohun tó bá wá sí mi lọ́kàn. Kò sí èyí tó wá, nítorí náà mo bẹ̀rẹ̀ láti àárọ̀.

Mo jí. Mo ká ẹní. Mo pọn omi, mo wẹ̀, mo wọ aṣọ iléèwé. Mo jẹ ẹ̀kọ. Mo lọ sí iléèwé. Wọn ò pè mí ní Aríran mọ́. Tíṣà Bámgbóṣé fún mi ní ìbéèrè kan, wọ́n ní kí n má kọ nǹkan kan, kí n kàn wò ó. Mo wò ó. Wọ́n ní, "Kí lo rí?" Mo sọ fún wọn pé n kì í sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Wọ́n jáde kúrò nínú kíláàsì díẹ̀, wọ́n wá padà wọlé. Mo padà sílé. Mo fọ àwo.

Ẹ bi mí lórí fóònù bóyá nǹkan ṣì ń yọ sí mi. Rárá, Màámi. Ẹ má bẹ̀rù mọ́.

Ẹ tún bi mí bóyá mo máa ń ronú yín. Mo máa ń ṣe é lójoojúmọ́. Òkè ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀. Iwájú orí yín. Ìpéǹpéjú tọ̀tún, ìpéǹpéjú tòsì. Imú. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ní àpá. Ẹnu. Àgbọ̀n. Bí mo bá dé àgbọ̀n, iwájú orí á ti lọ, màá tún padà lọ mú un wá. N kì í fo ìkankan. Mo ti kà á, Màámi, gbogbo rẹ̀ pé.

Ẹ̀yin ni mi ò rí.

Ọmọ yín,
Mọ̀nsúrát.